Ọ̀rọ̀ Ètè Níwájú Ìgbìmọ̀

Ẹ̀rù máa ń mú ẹlòmíràn gbọ̀n bí ewé. Ó máa ń lé ẹlòmíràn lọ sílé ìtọ̀ bí ẹni tó mu odò kan tán. Ti Oníkókó kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti ní kó dìde sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn tó ju mẹ́ta lọ, ńṣe ni ara rẹ̀ máa ń kú. Á bẹ̀rẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀, á gun orúnkún, á yí ìdí po, ìdí náà kì í sì í ṣe ìdí kékeré, kó tó gòkè dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tó bá ti dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó parí nìyẹn. Èèyàn lè gún un lábẹ́rẹ́ nígbà náà kó máà mọ̀.

Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni. Iye ìgbà tó ti sọ̀rọ̀ láwùjọ kò kún ìka ọwọ́ kan. Lákọ̀ọ́kọ́, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, wọ́n ní kó wá ké ewì níwájú gbogbo iléèwé. Ìlà kìíní jáde. Ohun tó jáde tẹ̀ lé e kì í ṣe ìlà kejì, ibọ̀sẹ̀ rẹ̀ ló sì gbà á. Lẹ́ẹ̀kejì, ọjọ́ tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀ ni. Wọ́n ní kí ìyàwó sọ gbólóhùn kan péré. Ó dìde, ó wo àwọn èèyàn lọ, ó wò wọ́n bọ̀, ó ní, "Ẹ jókòó." Wọ́n ti jókòó láti wákàtí kan sẹ́yìn. Òun náà bá jókòó. Títí dòní, bó bá rántí rẹ̀, á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀, á ní ọkọ òun nìkan lòun ń bá wí, torí ọkọ náà nìkan ló dùbúlẹ̀ níbẹ̀.

Èyí tó wà nílẹ̀ báyìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń hun ìnura ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Oníkókó ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ torí pé bí òwú bá já lórí ẹ̀rọ, òun ló ń ta á ní kókó kíákíá jù, kókó rẹ̀ kì í sì í tú. Ẹ̀rọ ìhunṣọ méjìlélógún ló wà nínú yàrá gígùn náà, ní ìlà méjì. Bí gbogbo wọn bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ilẹ̀ á máa gbọ̀n, eyín á máa gbọ̀n lẹ́nu. O lè fi ẹnu kan etí ẹnì kejì rẹ kí o lọgun, kó ní kí lo wí. Gbogbo wọn ló ń fi òwú dí etí, kí wọ́n má bàa di adití kí wọ́n tó darúgbó.

Ìdí nìyẹn tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ò fi ń fi ohùn sọ̀rọ̀. Ètè ni wọ́n ń lò. Wọ́n á ya ẹnu dáadáa, wọ́n á gbé ọ̀rọ̀ jókòó lórí ètè, wọn ò ní fi ohùn sí i rárá. Bí ọ̀rọ̀ bá lọ sókè, wọ́n á gbé irun òkè ojú sókè. Bó bá lọ sísàlẹ̀, wọ́n á rẹ àgbọ̀n sílẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ tuntun á rò pé àwọn wèrè ni wọ́n kó jọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, òun náà á ti máa ṣe é. Ọ̀rọ̀ ètè ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó wà ní ẹ̀rọ kìíní lè bú ẹni tó wà ní ẹ̀rọ kọkànlá, kí onítọ̀hún dá a lóhùn, kí gbogbo ìlà sì fi wọ́n rẹ́rìn-ín, láìjẹ́ pé ìró kankan jáde. Àṣírí ò sí níbẹ̀, àfi kéèyàn kọjú sí ògiri.

Nínú yàrá yẹn, Oníkókó ni aláwàdà. Òun ló máa ń sọ̀tàn ọkọ rẹ̀ àti bí bàbá náà ṣe ń hanrun tí ajá aládùúgbò fi ń dá a lóhùn. Obìnrin mẹ́rìndínlógójì á tẹjú mọ́ ọn lẹ́nu, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí òwú á fi já lọ́wọ́ wọn. Ara rẹ̀ kì í kú níbẹ̀. Kò tilẹ̀ kà á sí ọ̀rọ̀ sísọ. Ó ní ẹnu lásán lòun ń là.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí ọ̀rọ̀ náà gan-an. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní ọmọrí irin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Irin kékeré kan tó rí bí ahọ́n wà lábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣí ọmọrí náà, ahọ́n á yọ síta, ẹ̀rọ á sì kú. Bó ti wù kéèyàn tẹ bọ́tìnì tó, kò ní ṣiṣẹ́ títí wọ́n á fi pa á dé. Ohun tí wọ́n ṣe é fún nìyẹn, kí ẹ̀rọ má bàa jẹ ọwọ́. Ṣùgbọ́n eruku òwú pọ̀, ọmọrí kì í pẹ́ ṣí, ẹ̀rọ kì í sì í pẹ́ dúró.

Alábòójútó wọn ò fẹ́ kí ẹ̀rọ máa dúró. Onífèrè ni àwọn obìnrin ń pè é, torí pé ó so fèrè kan mọ́rùn tó máa ń fun láàárọ̀ àti lọ́sàn-án nínú ariwo tí ẹnikẹ́ni ò lè gbọ́ ọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á kàn wú, á sì tún rọ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ètè díẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ bí ẹni tí oúnjẹ gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó dúró nídìí ẹ̀rọ kẹrin, ó wo Oníkókó, ó ní kó fi òwú so gbogbo ahọ́n irin náà mọ́lẹ̀, kí ẹ̀rọ má dúró mọ́ bí ọmọrí tilẹ̀ ṣí. Ó ní kó so ó dáadáa. Oníkókó so ó. Ọ̀gá ló ní kó so ó, kókó ló sì mọ̀ ọ́n ta jù láyé.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà, obìnrin tó ń gbálẹ̀ ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ kẹsàn-án láti fa òwú tó dì síbẹ̀ jáde. Ọmọrí ṣí sílẹ̀. Ní òdìkejì ẹ̀rọ náà, ẹni tó ni í, ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Péńpé, ò rí i, torí pé Péńpé ò ga ju ẹ̀rọ lọ. Ó tẹ bọ́tìnì. Ẹ̀rọ ṣiṣẹ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́ igbe obìnrin náà. Wọ́n rí i ni.

Ìka mẹ́ta ló lọ. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ẹnì kan ti mú sísọ́ọ̀sì, ó ti gé gbogbo òwú tó wà lára àwọn ẹ̀rọ náà kúrò. Nígbà tí àwọn tó wá yẹ àwọn ẹ̀rọ wò dé, ahọ́n irin kọ̀ọ̀kan ń yọ síta, ó ń wọlé, bó ṣe yẹ.

Ìwé wá láti ọ́fíìsì ní ọjọ́ Ajé. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta máa jókòó ní Ọjọ́bọ̀ nínú yàrá ìjẹun. Ẹ̀sùn àìbìkítà ni wọ́n fi kan Péńpé. Bó bá jẹ̀bi, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn, ta ló sì máa gba ẹni tí wọ́n lé torí ọwọ́ ẹlòmíràn? Ọmọ méjì ló ń dá tọ́, bàbá tó bí i sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá kejì, kò lè dìde. Ìwé náà ní ó lè mú ẹnì kan ṣoṣo wá láti jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹnu ni ẹni náà sì gbọ́dọ̀ fi sọ ọ́, àwọn ò ní gba èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀.

Ó mú Oníkókó. Ta ni ì bá mú? Ẹni tó so òwú nìkan ló lè ní òwú wà níbẹ̀.

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta lásìkò ìsinmi, wọ́n na ẹsẹ̀ síwájú. Ti Péńpé ò kan ilẹ̀.

"Màmá," ni Péńpé wí, "bẹ́ ẹ ò bá lè sọ ọ́, mi ò ní bínú."

"Irọ́ lò ń pa."

"Irọ́ ni mò ń pa."

Oníkókó gbọn eruku òwú kúrò lórí itan.

"Ṣé wọ́n ti sọ fún ẹ nípa ọ̀rọ̀ ibọ̀sẹ̀ mi?"

"Ta ni ò mọ̀ nípa ibọ̀sẹ̀ yín, Màmá? Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́ láti ẹ̀rọ kẹta títí dé ẹ̀rọ kejìlélógún."

"Ṣé o wá rí ẹni tí o mú."

"Mo rí i. Ẹ máà wọ ibọ̀sẹ̀ wá."

Oníkókó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dénú. Láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ ti gé ìka agbálẹ̀ ni nǹkan ò ti dénú rẹ̀ mọ́. Ó ń ta kókó, ìka rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, kò sì mọ òwú lára. Ó ń jẹun, kò mọ̀ bóyá iyọ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n bi í pé ṣé ó ń sùn, ó ní òun ń sùn. Òótọ́ ni. Bí igi gbígbẹ ló ń sùn.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ tíṣà, wá sílé lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun láti kọ́ ọ. Ó gbé e dúró síwájú dígí kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá, ó ní kó wo ojú ara rẹ̀ kó máa sọ̀rọ̀.

"Mọ́mì, ẹ mí kanlẹ̀."

"Mo ti mí."

"Ẹ sọ gbólóhùn kìíní."

Oníkókó wo dígí. Obìnrin kan tó ní àgbọ̀n méjì ń wò ó. Ó ṣe díẹ̀, ó ní, "Ó yẹ kí n lọ gé irun yìí."

"Mọ́mì."

"Tíṣà, má bínú."

"Ọgbọ́n kan wà tí wọ́n fi ń ṣe é. Bẹ́ ẹ bá dé iwájú wọn, ẹ kàn rò ó pé ìhòòhò ni gbogbo wọn jókòó."

Ìyá rẹ̀ ronú sí i. "Ìwọ ọmọ yìí, ìhòòhò ọkùnrin mélòó ni mo rí láyé mi tó fi mí lọ́kàn balẹ̀?"

Ọmọ náà ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ojú. Wọ́n tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Níwájú ọmọ rẹ̀ nìkan, ọ̀rọ̀ ń jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ ọmọ náà àti àwọn ọmọ wọn mẹ́ta wọlé láti wò ó, ó kú láti orúnkún lọ sókè. Ẹnu rẹ̀ ṣí, ó sì ṣí síbẹ̀ bí ìkòkò. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n rò pé ó ti parí.

"Mọ́mì, bẹ́ ẹ bá ní ẹ̀yin lẹ so ó, ṣé wọn ò ní lé ẹ̀yin náà?"

"Wọ́n lè lé mi."

"Ṣé ìyẹn ló ń bà yín lẹ́rù?"

"Rárá o," ni Oníkókó wí. Òótọ́ ló sọ. "Dídìde yẹn ni."

Bí Ọjọ́bọ̀ ṣe dé nìyẹn. Láti ìdí ẹ̀rọ ni wọ́n ti wá pè é ní aago mẹ́wàá. Ó bọ́ ibọ̀wọ́, ó gbọn eruku òwú kúrò lórí, ó sì ń bá wọn lọ. Kò rántí yọ òwú etí. Ẹni tó ti fi òwú dí etí fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kì í mọ̀ mọ́ pé ó wà níbẹ̀, bí ẹni tó wọ ìgò ojú tó tún ń wá ìgò ojú kiri.

Wọ́n ti kó tábìlì ìjẹun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n fi ẹyọ kan síwájú. Èèyàn mẹ́ta ló jókòó sí i. Alága wà láàárín, obìnrin kan tó mọ́ tónítóní, ó wọ ìgò ojú. Ọkùnrin tínrín kan tó ń kọ̀wé wà lósì rẹ̀. Ọkùnrin oníkùn kan wà lọ́tùn-ún rẹ̀, ó ń yí jókòó bí ẹni tí àga ń gún. Onífèrè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, fèrè wà lọ́rùn rẹ̀ síbẹ̀. Péńpé wà lórí àga iwájú, ó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ àárín itan. Lẹ́yìn pátápátá, àwọn obìnrin mọ́kànlá tó wà ní ìsinmi tò mọ́ ògiri nínú aṣọ iṣẹ́ búlúù wọn. Ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n ń pè ní Òpó ga ju gbogbo wọn lọ, òun ló máa ń gbé bọ́bìnnì tí wọ́n ń ká òwú mọ́ sórí pẹpẹ tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò tó.

Onífèrè ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní òun fúnra òun ló máa ń yẹ ọmọrí wò ní àràárọ̀. Ó ní Péńpé ò fi ojú sílẹ̀. Ó ní òun ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé kó so nǹkankan. Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Oníkókó ń wo ẹnu rẹ̀, ó rò pé àwọn kan wà tí Ọlọ́run dá ẹnu fún lóòótọ́.

Lẹ́yìn náà ni alága yíjú sí i, ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Kó wá dúró síbẹ̀, kó kọjú sí gbogbo èèyàn, kó sọ ohun tó mọ̀.

Ó dìde. Ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Kó tó dé ẹ̀gbẹ́ tábìlì, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti lọ. Ó yíjú padà, orúnkún lọ. Ó wo ìgbìmọ̀, ìdí lọ. Kò gbọ̀n. Àyà rẹ̀ ò já. Ojú mẹ́ta tó ń wò ó dà bí àwo mẹ́ta tí wọ́n fọ̀ gbé sórí tábìlì. Ó mọ̀ pé òun dúró torí pé òun ò tíì ṣubú. Òtútù yẹn ti ń gun ọrùn bọ̀, ó sì mọ̀ pé bó bá dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, Péńpé ti lọ nìyẹn.

Ó gbé ojú kúrò lára wọn. Ó wo ògiri ẹ̀yìn. Níbẹ̀ ni Òpó ti ń wò ó láti òkè, ètè Òpó sì ń lọ.

"Màmá, ẹ ti gúnlẹ̀ síbẹ̀ bí àgbá omi."

Oníkókó dá a lóhùn kó tó mọ̀ pé òun dá a lóhùn. "Àgbá tí wọ́n ti mu gbẹ."

"Ẹ sọ̀tàn fún wa, jàre."

Ló bá sọ ọ́ fún wọn. Àwọn mọ́kànlá yẹn ló sọ ọ́ fún. Ó ní ọjọ́ báyìí ni, Onífèrè dúró nídìí ẹ̀rọ kẹrin, ó ní kí n so gbogbo ahọ́n irin mọ́lẹ̀. Mo so wọ́n. Òwú funfun onípele mẹ́ta ni mo lò, torí pé onípele méjì lè já. Èmi ni mo so ti ẹ̀rọ kẹsàn-án. Péńpé ò mọ̀ pé ọwọ́ wà níbẹ̀. Bí mi ò bá so ó ni, ẹ̀rọ ì bá má ṣiṣẹ́. Agbálẹ̀ yẹn kì í bá ẹnikẹ́ni jà, ó máa ń ya ẹ̀gbẹ́ kó má bàa fi ìgbálẹ̀ kan wá lẹ́sẹ̀. Mo mọ kókó ta, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Kókó mi kì í tú. Ó sọ gbogbo rẹ̀, ó gbé irun ojú sókè níbi tó yẹ, ó rẹ àgbọ̀n sílẹ̀ níbi tó yẹ. Nígbà tó parí, méjì nínú àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Òun ò sunkún. Ara rẹ̀ ṣì kú síbẹ̀. Ó ń wá ibi tí àga rẹ̀ wà.

Ó rí ètè alága tó ń lọ. "Màmá, a ṣì ń dúró o. Ẹ máa sọ̀rọ̀."

"Mo ti sọ ọ́," ni Oníkókó wí.

Alága wo ọkùnrin tínrín. Ọkùnrin tínrín wo ìwé rẹ̀, funfun báláú ni. Ọkùnrin oníkùn rò pé àdúrà ni màmá ń gbà. Fún bíi ìṣẹ́jú márùn-ún, ìyá àgbàlagbà kan ti dúró síwájú wọn tó ń la ẹnu, tó ń pa á dé, tó ń gbé irun ojú sókè bí ẹni tí egbò ń ta, kò sì sí ìró kankan nínú yàrá ju ti fáànù àti ti àwọn ẹ̀rọ lẹ́yìn ògiri lọ.

"Ó ti sọ ọ́ tán, mà," ni Òpó wí láti ẹ̀yìn. Ohùn ló fi sọ ọ́, gbogbo èèyàn sì yíjú padà. "Ọ̀rọ̀ ètè ló fi sọ ọ́. Bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn." Ó sì tún gbogbo rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ kẹrin, òwú onípele mẹ́ta, ìgbálẹ̀, kò fo ọ̀kan.

Alága gbọ́ ọ tán. Kò gbà á. "Láti ibi tẹ́ ẹ dúró sí yẹn? Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ẹ ò jókòó sẹ́nu ọ̀nà kọ́ ọ jọ lánàá?"

Òpó fi ọwọ́ họ ọrùn. "Ẹ má bínú o, mà. Ojú lọ̀rọ̀ wà lọ́dọ̀ tiwa. Nígbà tí Onífèrè ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ tẹ̀ sí bàbá tó wà lọ́tùn-ún yín, ẹ ní kẹ́ ẹ tètè parí ẹ̀, ẹ ti mọ ibi tó máa já sí."

Alága tún ìjókòó rẹ̀ ṣe.

"Kí ni mo tún sọ?"

"Ẹ̀yin ò sọ nǹkankan mọ́. Bàbá ló ní inú ń run òun. Wọ́n ní àwọn ti mú isó méjì mọ́ra, ìkẹta ò ní gbọ́ bẹ̀bẹ̀."

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín, Péńpé nìkan ló gbé iwájú aṣọ rẹ̀ bo ẹnu. Ọkùnrin oníkùn ń ka ìwé kan tí kò sí nǹkankan lórí rẹ̀. Alága yọ ìgò ojú, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́.

"Ta ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ní alábòójútó pàṣẹ yìí?"

Ọwọ́ mẹ́jọ gòkè nínú mọ́kànlá.

"Ariwo ń lọ níbẹ̀," ni Onífèrè wí. Ó ti dìde. "Ta ló lè gbọ́ ohun tí mo sọ fún un?"

Ó sọ ọ́ tán kó tó mọ ohun tó sọ. Ó rọra jókòó.

Alága kọ nǹkan sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó wá sọ fún Oníkókó pé òun gbà, ṣùgbọ́n òfin ni òfin ń jẹ́, òun gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ láti ẹnu rẹ̀, pẹ̀lú ohùn, ì báà jẹ́ gbólóhùn kan. Oníkókó rí gbogbo ohun tó wí. Kò yé e. Ohùn wo tún ni? Àbí òun ò fohùn sọ ọ́ ni?

Péńpé dìde lórí àga rẹ̀, ó sún mọ́ ọn, ó fi ìka tọ́ etí ara rẹ̀.

"Màmá, òwú."

Ó yọ ti apá ọ̀tún. Ó yọ ti apá òsì. Ó di wọ́n mú lọ́wọ́ bí eyín tó yọ. Fáànù wọlé sí i létí, àti ìró àga, àti ẹnì kan tó ń húkọ́, àti àwọn ẹ̀rọ lẹ́yìn ògiri tí wọ́n ń lù kìkì. Nígbà náà ló wá mọ̀ pé ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó wà níwájú ò tíì gbọ́ nǹkankan, àti pé gbogbo ohun tó rò pé òun ti ṣe, òun ò tíì ṣe é. Ojú ì bá tì í. Ó dúró de ìtìjú náà, kò wá. Òtútù náà ti dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ báyìí, ètè rẹ̀ nípọn bí ètè ẹlòmíràn. Ó gbé e, bí èèyàn ṣe ń gbé ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀.

"Èmi ni mo so ó," ló wí. Ohùn náà dún bí ìlẹ̀kùn tí wọn ò fi òróró sí láti ọjọ́ pípẹ́. "Onífèrè ló ní kí n so ó. Ọmọ yìí ò ṣe nǹkankan."

Ó tó. Wọ́n ní kó jókòó.

Ìgbìmọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n fi ìwé bo ẹnu, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí wọ́n sọ ìwé kalẹ̀, alága ní kí Péńpé padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, kò jẹ̀bi. Kí Onífèrè lọ sílé títí wọ́n á fi ránṣẹ́ pè é. Kí Oníkókó náà lọ sílé, torí pé ọwọ́ tirẹ̀ ló so òwú, bó ti wù kó rí. Wọ́n máa gbọ́ ẹjọ́ tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Ìwé á dé bá a nílé.

Ìgbà tí wọ́n jáde, Péńpé ń bá a lọ títí dé géètì. Ó di apá rẹ̀ mú, Oníkókó sì rí ọwọ́ náà lára apá rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n lára.

"Màmá, mo ti kó yín sí wàhálà."

"Ìwọ kọ́ lo so ó."

"Ẹ bú mi, jàre. Ó sàn kẹ́ ẹ bú mi."

"Màá bú ẹ lọ́la. Ó ti rẹ̀ mí lónìí. Lọ sídìí ẹ̀rọ ẹ kí òwú tó já."

Ọmọ náà yí padà, ó ń lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúkúrú ń sáré díẹ̀ díẹ̀. Oníkókó dúró de bọ́ọ̀sì. Kò dùn ún. Kò sì dùn mọ́ ọn. Oòrùn wà lójú rẹ̀, ó sì mọ̀ pé oòrùn ni torí pé ojú rẹ̀ ń ṣẹ́. Ó ronú nípa obìnrin agbálẹ̀ náà, bóyá wọ́n á jẹ́ kó wọlé bí òun bá lọ sí ọsibítù, àti ohun tí òun máa sọ bí òun bá débẹ̀. Kò rí nǹkan kan. Ó ní òun máa lọ náà.

Ọmọ rẹ̀ ti ń dúró dè é nílé. Ó gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, ó bi í pé báwo ni.

"Péńpé ṣì ń ṣiṣẹ́."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Wọ́n ní kí n padà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Tèmi ni wọ́n fẹ́ gbọ́ nísinsìnyí."

"Ṣé ẹ máa ní láti tún dìde?"

"Níbi kan náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì."

Ọmọ náà jókòó tì í. "Ẹ̀rù ò wá bà yín mọ́, àbí?"

Oníkókó bọ́ bàtà kan. Ó wo ẹsẹ̀ náà, ó fi ìka mì í díẹ̀ bóyá ó ti jí. Kò tíì jí.

"Ẹ̀rù á bà mí," ló wí. "Màá lọ." Ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà kejì.